Ta Ni Yóò Gbé Àdánù? Ìtàn Báńkì Mit Ghamr

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ oko. Àgbẹ̀ kan kò ní owó tí yóò fi gbin àgbàdo. Ó lọ bá olówó. Olówó yá a ní 10,000 fránkì, ó ní kí ó dá 12,000 padà lẹ́yìn ìkórè. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Àgbàdo gbẹ mọ́lẹ̀. Ta ni yóò gbé àdánù náà? Bí ó bá jẹ́ owó èlé ni, àgbẹ̀ nìkan ni yóò gbé e. Òjò rọ̀ o, òjò kò rọ̀ o, 12,000 ni olówó ń retí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí Mùsùlùmí ṣe kọ èlé jẹ́ èèwọ̀ lásán, bí ìgbà tí ìdílé kan kì í jẹ ẹran kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn ni ó jẹ́ sí ìbéèrè tí mo bi yín yìí. Ìdáhùn mìíràn sì wà, èyí tí àwọn ará Yúróòpù gbé kalẹ̀ nígbà tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò nínú ọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ti wá, kí ẹ sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Íjíbítì.

Kí Ìsìláàmù tó dé, ìlú oníṣòwò ni Mẹ́kà. Ràkúnmí ni wọ́n fi ń kó ẹrù lọ sí Síríà àti Yẹ́mẹ̀nì. Àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀ a máa yá ènìyàn lówó. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò rí owó san, wọn a sún ọjọ́ síwájú, wọn a sì bu owó lé gbèsè náà. Báyìí ni gbèsè ṣe ń di ìlọ́po méjì, títí yóò fi gbé onígbèsè mì. Ríbà ni wọ́n ń pe àlékún bẹ́ẹ̀. Kùránì kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó gba òwò láyè. Ní ọdún 632, nínú ìwàásù tí Ànábì Muhammad ṣe nígbà hájì rẹ̀ ìkẹyìn, ó fagi lé gbogbo èlé tí àwọn ènìyàn jẹ ara wọn, ó sì fi èlé tí wọ́n jẹ Abbas, arákùnrin bàbá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé inú ilé ara rẹ̀ ni ó ti mú un.

Ṣé olówó kò wá gbọdọ̀ jèrè lórí owó rẹ̀ ni? Ó lè jèrè, bí ó bá ti gbà láti jẹ nínú àdánù pẹ̀lú. Ìtàn sọ pé oníṣòwò ńlá ni Khadija, àti pé kí ó tó fẹ́ Muhammad ni ó ti fi ọjà rán an lọ sí Síríà. Ẹnì kan mú owó wá, ẹnì kejì mú ẹsẹ̀ àti ọgbọ́n rẹ̀ wá. Irú àjọṣe yìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbé òfin lé lórí. Bí èrè bá wà, wọn yóò pín in bí wọ́n ti ṣe àdéhùn. Bí owó bá ṣòfò, tí kì í ṣe àìbìkítà ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ó fà á, olówó ni yóò gbé àdánù owó, òṣìṣẹ́ náà yóò sì pàdánù wàhálà rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ ni pé Ọlọ́run ni ó ni ọrọ̀, ènìyàn kàn ń ṣọ́ ọ ni. Ìdí nìyí tí sàká fi wà. Owó tí ó bá tó ìwọ̀n tí òfin wí, tí ó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ ènìyàn, ìdá kan nínú 40 rẹ̀ kì í ṣe ti onítọ̀hún mọ́: ti aláìní, ti onígbèsè àti ti àwọn mìíràn tí Kùránì dárúkọ ni.

Ẹ má ṣe rò pé Mùsùlùmí nìkan ni ó sọ irú èyí rí. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni Ìjọ Kátólíìkì fi ka èlé sí ẹ̀ṣẹ̀ ní Yúróòpù. Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. Ní ọdún 1545, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin Ọba Henry Kẹjọ gba èlé láyè bí kò bá ti ju 10 nínú 100 lọ. Ní ilẹ̀ Faransé, oṣù kẹwàá ọdún 1789, ọdún tí wọ́n dìde sí ìjọba ọba, ni àwọn aṣòfin gba gbogbo ènìyàn láyè láti gba èlé. Ọdún mẹ́tàlá ṣáájú èyí, ní 1776, Adam Smith ará Skọ́tílándì ti tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Ó ní kì í ṣe àánú alápatà ni ó ń mú ẹran wá fún wa, èrè ara rẹ̀ ni alápatà ń wá, ìlú sì ń jàǹfààní níbẹ̀. Èrò ayé tuntun nìyẹn: kí olúkúlùkù máa wá ti ara rẹ̀, kí ẹ̀sìn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí owó wà ní ọjà. Síbẹ̀ Smith fúnra rẹ̀ fẹ́ kí òfin fi ààlà sí èlé. Jeremy Bentham ni ó bá a jiyàn ní 1787 pé kí wọ́n yọ ààlà náà pátápátá.

Kí n má parọ́, olówó èlé náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Yóò ní, “Owó tí mo yá ọ lónìí, èmi ìbá fi ra ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà ìbá sì ti bímọ kí ọdún tó yípo.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ a tún máa kú. Ọmọ tí ewúrẹ́ ìbá bí ni ó ń gba owó rẹ̀, kì í ka ikú ewúrẹ́ mọ́ ọn.

Íjíbítì ti jìyà èlé kí a tó dé orí ìtàn báńkì yìí. Ismail, tí ó jọba níbẹ̀ láti 1863 sí 1879, yá owó rẹpẹtẹ lọ́dọ̀ àwọn báńkì Yúróòpù. Ní 1875, ó ta ìpín Íjíbítì nínú ọ̀nà omi Suez fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí mílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn. Kò tó. Ní ọdún kejì, àwọn tí ó jẹ lówó dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní Íjíbítì láti máa gba owó orí tí ìjọba ń pa. Ní 1882 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú. Nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ènìyàn tọ́jú owó pẹ̀lú èlé, àwọn Mùsùlùmí kan fi owó síbẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n kọ èlé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Muhammad Abduh, àgbà adájọ́ ẹ̀sìn nígbà náà, tí ó kú ní 1905.

Mit Ghamr wà létí odò Náílì, ní àríwá Kaírò, láàárín àwọn olóko òwú. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń tọ́jú owó, ṣùgbọ́n inú ilé ni. Wọn kò fẹ́ báńkì nítorí èlé, báńkì náà kò sì fẹ́ wọn nítorí owó wọn kéré. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé owó tí a rì mọ́lẹ̀ kì í ra ọkọ́, kì í tún ìsọ̀ ṣe. Ahmad al-Najjar, ọmọ Íjíbítì tí ó kàwé ní Jámánì, ni ó wá ojútùú rẹ̀. Ní Jámánì ó rí àwọn báńkì ìfowópamọ́ kéékèèké tí ó jẹ́ ti ìlú kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó pẹ́ jù lára irú wọn ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Hamburg ní 1778 fún àwọn tálákà àti ọmọ ọ̀dọ̀. Ó gba ètò wọn, ó yọ èlé kúrò. Ibí yìí ni ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà: Mùsùlùmí tí ó ń sá fún èlé kò sá fún ọgbọ́n ẹni tí ó ń gba èlé. Ìjọba Jámánì ti Ìwọ̀-oòrùn ìgbà náà sì ràn án lọ́wọ́.

Ọdún 1963 ni wọ́n ṣí báńkì náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó ń gbà wọlé síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi owó pamọ́ lásán kì í gba èlé. Ó lè gba owó rẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́, bí nǹkan bá sì há fún un, ó lè yá owó láìsan èlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú, èyí kò ní ṣàjèjì sí yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ èrè a fi owó rẹ̀ sínú òwò tí báńkì bá àwọn ará ìlú dá pọ̀, yóò sì pín nínú ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde. Ọ̀nà kẹta ni àpò sàká, tí wọ́n fi ń ran àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí lọ́wọ́. Owó agbègbè, agbègbè náà ni wọ́n ń fẹ́ kí ó ti ṣiṣẹ́.

Ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn tí ó fi owó síbẹ̀ lé ní 17,000. Ní 1967 wọ́n ti lé ní 250,000, báńkì náà sì ti ní ẹ̀ka ní àwọn ìlú mìíràn. Owó tí àwọn ènìyàn kó sílẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 40,000 pọ́n-ùn Íjíbítì, ó lé ní 1,800,000. Àwọn tí báńkì ńlá kò kà sí ni ó kó owó yìí jọ.

Ohun tí ó lè yà yín lẹ́nu ni pé orúkọ Ìsìláàmù kò sí lára báńkì náà. Ìjọba Gamal Abdel Nasser ni ó wà nígbà náà, ó sì ń fura sí ẹgbẹ́ ẹ̀sìn èyíkéyìí, pàápàá jù lọ Ẹgbẹ́ Àwọn Arákùnrin Mùsùlùmí. Al-Najjar pè é ní báńkì ìfowópamọ́ ti ìlú, ó sì fi ẹnu mọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà á. Ní 1967, báńkì ńlá ti orílẹ̀-èdè àti báńkì àpapọ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀, ètò àìgbèlé sì parí níbẹ̀. Lójú tèmi, àgbẹ̀ kò bá a jà, òwò kò sì bà á jẹ́. Àwọn alágbára ni kò fẹ́ ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn.

Irúgbìn rẹ̀ kò kú. Ní 1971 ìjọba Íjíbítì dá Báńkì Nasser sílẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ ará ìlú, láìsí èlé. Ní 1975 wọ́n ṣí báńkì Ìsìláàmù ti Dubai, ọdún náà ni Báńkì Ìdàgbàsókè ti Ìsìláàmù sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Jeddah. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ni báńkì ti Jeddah yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn báńkì wọ̀nyí kì í fẹ́ bá ènìyàn pín èrè àti àdánù bí ti Mit Ghamr. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni kí wọ́n ra ọjà, kí wọ́n sì tà á fún yín láwìn ní iye tí ó ju iye tí wọ́n rà á. Ẹ ń fẹ́ alùpùpù. Báńkì rà á ní 400,000 fránkì, ó tà á fún yín ní 460,000, ẹ ó máa san án lóṣooṣù. Àwọn kan ní òwò ni. Àwọn mìíràn, Mùsùlùmí sì ni wọ́n, ní èlé ni, aṣọ òwò ni ó wọ̀. Òfin ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ní ohun tí ó fi ń mọ ìyàtọ̀: báńkì gbọ́dọ̀ ti ni alùpùpù náà ní tòótọ́ kí ó tó tà á. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé: bí alùpùpù náà bá jóná ní ṣọ́ọ̀bù kí ó tó dé ọwọ́ mi, ti ta ni ó jóná?