Sirenáíkà, Etíkun Olójò ní Líbíà

Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ Símónì ará Kírénè, ọkùnrin tí àwọn ọmọ ogun Róòmù fipá mú láti ru àgbélébùú Jésù. Ilẹ̀ Áfíríkà ni Kírénè wà, ní ìlà-oòrùn Líbíà, níbi tí ilẹ̀ ti yọ gọngọ sínú Òkun Mẹditaréníà. Orúkọ ìlú náà ni gbogbo agbègbè ibẹ̀ ń jẹ́ títí dòní: Sirenáíkà.

Aṣálẹ̀ ló gba ibi tó pọ̀ jù ní Líbíà. Ohun tó gba etíkun yìí lọ́wọ́ rẹ̀ ni òkè tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Jebel Akhdar, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga tó nǹkan bí mítà 880. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin á ti orí òkun wá, á kọlu òkè náà, á gùn ún, á sì di òjò. Láwọn ibi kan, òjò ọdún kan máa ń lé ní mìlímítà 500. Bí o bá kọjá sí gúúsù òkè náà, iyanrìn ló kù.

Òjò yìí ló fa àwọn Gíríìkì wá. Ní nǹkan bí ọdún 631 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ará erékùṣù Thera, tí ọ̀dá ti fojú wọn rí màbo, tẹ Kírénè dó. Battus ni olórí wọn. Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, ròyìn pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ló mú wọn dé ìdí orísun omi kan, tí wọ́n ní ojú ọ̀run ti lu níbẹ̀. Àmọ́ òru ni wọ́n fi mú wọn kọjá níbi tó dára jù, kí àwọn àlejò náà má baà rí i. Àwọn ọmọ onílẹ̀ náà ò gọ̀ rárá.

Ewéko kan tó ń jẹ́ silphium ló sọ Kírénè di ìlú olówó. Wọ́n á gé gbòǹgbò àti igi rẹ̀ kí oje lè sun jáde. Oje yìí ni wọ́n ń fi se ọbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ṣe oògùn. Inú ìgbẹ́ nìkan ló ti ń hù, kò gbà kí wọ́n gbin òun sóko. Àwòrán rẹ̀ wà lára owó ìlú náà. Ife àtijọ́ kan tó wà ní Paris fi Arcesilas, ọba Kírénè, hàn lórí ìjókòó, tó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọn ẹrù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá silphium ni tàbí irun àgùntàn. Nígbà ayé Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Nero, olú ọba Róòmù. Àwọn tó háyà ilẹ̀ náà tí wọ́n fi ẹran jẹ ewéko náà run ni Pliny dá lẹ́bi.

Ní ọdún 96 ṣáájú ìbí Kristi, Ptolemy Apion, ọba ibẹ̀, fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bí ogún fún Róòmù. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 365 ba àwọn ìlú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn Lárúbáwá dé, tí Tọ́kì sì tẹ̀ lé wọn. Ítálì wọlé ní 1911. Omar al-Mukhtar, olùkọ́ Kùránì, fi òkè náà ṣe ibi ìsádi, ó bá wọn jà fún nǹkan bí ogún ọdún. Ítálì kó àwọn ará ìlú sí àgọ́ ìfìyàjẹni kí ẹnikẹ́ni má baà bọ́ ọ, wọ́n sì so ó kọ́ ní Suluq ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án, 1931. Idris, olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù Sanusi ti agbègbè kan náà, di ọba Líbíà nígbà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní 1951.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìjì Daniel rọ òjò tó lé ní mìlímítà 400 sí ìlú al-Bayda lórí Jebel Akhdar láàárín wákàtí 24. Dáàmù méjì tó sé omi lókè ìlú Derna wó lóru, omi gbé ilé àti ènìyàn lọ sínú òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú. Onímọ̀ kan ní Yunifásítì Omar al-Mukhtar ti kọ̀wé ìkìlọ̀ nípa àwọn dáàmù náà ní 2022, kò sẹ́ni tó tún wọn ṣe. Ní oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ ní Derna rán àwọn aláṣẹ 12 lọ sẹ́wọ̀n, láti ọdún 9 dé 27.