Igba Ojú: Ọ̀rọ̀ Lórí Àgbàtọ́ Ọmọ

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni fura sí i. Bí mo bá sọ pé mo ń wo ọmọ, ó lè jẹ́ pé ojú lásán ni mo fi ń wò ó. Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mo ń bọ́ ọ, tí mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo sì ń tẹ́ ẹ sùn. Iṣẹ́ adáhunṣe tí ó wo aláìsàn sàn, ìwòsàn ni à ń pè é. Ojú yìí kan náà ni ó wà nínú tọ́jú. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti èdè nìkan: àwọn baba wa kò ya ìtọ́jú nípa kúrò lára wíwò.

Òwe tí a máa ń fi yangàn lórí èyí ni pé ojú mẹ́rin ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. A máa ń pa á níbi ìsọmọlórúkọ, a sì máa ń fi yin ara wa pé ọ̀rọ̀ ọmọ yé wa ju àwọn ará ibòmíràn lọ. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Bí ọmọ bá nílò igba ojú, a jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kò fọkàn tán ojú méjì péré. Ìkìlọ̀ ni mo gbà á sí. Inú àṣà àgbàtọ́ ni a sì ti lè rí ìkìlọ̀ náà gbangba, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kúrò lábẹ́ ojú mẹ́rin tí ó bí i.

Àgbàtọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú ní ayé àtijọ́. Ọmọ a máa lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Ìbátan tí kò rí ọmọ bí a máa gba ọmọ tọ́ kí ilé rẹ̀ má baà dákẹ́. Àwọn mìíràn ń fi ọmọ sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ wọn pé òbí a máa kẹ́ ọmọ tí ó bí ní àkẹ́jù. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ dé, ọ̀dọ̀ tíṣà àti àlùfáà ni a ń fi wọ́n sí. Nínú gbogbo èyí, ọmọ kò pàdánù orúkọ bàbá rẹ̀, kò pàdánù oríkì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pàdánù ìpín rẹ̀ nínú ogún. Ẹni tí ó bí i ni ó ni í; ẹni tí ó gbà á tọ́ kàn ń bá a tọ́ ọ ni.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbàgbé pé alágbàtọ́ ní ọmọ tirẹ̀ nílé. Àwọn àgbà tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ènìyàn, wọ́n sì fi àbẹ̀wò sínú àṣà náà láìpè é ní àbẹ̀wò. Ọjọ́ ọjà ń gbé ìyá wá. Ọdún ìbílẹ̀ ń gbé ọmọ padà sílé. Ìgbéyàwó àti ìsìnkú ń kó gbogbo ẹbí jọ sí ojúde kan. Èmi fúnra mi gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin fún ọdún mẹ́rin, inú mi sì dùn níbẹ̀. Bí ìyá mi bá wá, yóò kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ilé, yóò mu omi, yóò jíṣẹ́ tí wọ́n rán an, lẹ́yìn náà ni yóò ní òun fẹ́ wẹ ọmọ òun. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo ti ń dá wẹ̀. Ojú a sì máa tì mí. Yóò fi kànìnkànìn bó mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, yóò gbé apá mi sókè, yóò wo ẹ̀yìn etí mi. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ó wá yẹ ilé wò. Ìyá kan ń wẹ ọmọ rẹ̀ ni.

Ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń so mọ́ ìdí ọmọ ọwọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń sanra, okùn yóò fún un, a óò tún un sín. Bí ó bá ń rù, okùn yóò dẹ̀. Ìka ni ìyá fi ń kà á.

N kò fẹ́ kí òǹkàwé rò pé mo ń sọ pé ayé àtijọ́ dára tán. Ọmọ tí a fi ṣe ìwọ̀fà náà ń gbé ilé onílé, iṣẹ́ ara rẹ̀ sì ni èlé owó tí bàbá rẹ̀ yá. Èyí kò ní ìyìn kankan nínú. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹran tí ó tóbi, àgbà ni ó ni í. Ọmọdé ni ó gbẹ̀yìn, a sì gbà pé ọmọ tí a bá fi ẹyin àti ẹran kẹ́ yóò di olè. Bí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, a lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ó lè gbàgbé ọmú. Ìyá àgbà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ògì lásán ni ó ń fún un, ògì nìkan kò sì lè mú ara ọmọ dàgbà. Dókítà Cicely Williams, tí a bí ní Jamaica, kọ̀wé ní ọdún 1933 nípa àìsàn tí ó rí lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ní ọdún 1935 ó lo orúkọ tí àwọn ará Gã ń pè é: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò ti lé kúrò ní ipò rẹ̀. Irun ọmọ a pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, ojú rẹ̀ a kún. Ibi tí ó ti burú nìyẹn, nítorí pé ọmọ tí ebi ń pa kú lọ lè jọ ẹni tí ó sanra. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ kò ní dẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Ojú ìyá àgbà kò fọ́. Àìsàn náà ni ó tàn án jẹ.

Ìjẹ̀ṣà ni a ti rí ojú mìíràn tí ó lè ran ojú yìí lọ́wọ́. Ní ọdún 1956 ni David Morley, dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà. Ní ọdún 1957, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọmọ tí a ń bí ní Ìmẹ̀sí-Ilé, títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún. Ìmẹ̀sí tí àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì náà ni. Gbogbo wa ni a mọ ti ogun yẹn, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìtàn wa kì í sábàá dárúkọ ogun kejì yìí, èyí tí a bá ikú ọmọdé jà. Èéyi, ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti ikọ́ ni wọ́n ń pa wọ́n, ọmọ tí kò jẹun kánú ni wọ́n sì ń tètè pa.

Ohun ìjà tí ó jáde láti ibẹ̀ kò ju òṣùwọ̀n àti káàdì kan lọ. Lóṣooṣù ni a ń wọn ọmọ, a ó sì fi àmì sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé lórí káàdì tí a ti fa ìlà méjì sí. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà. Ìyá ọmọ ni ó sì ń gbé káàdì lọ sílé. Wọ́n tún ń kọ́ àwọn ìyá láti fi ẹ̀wà, ẹ̀pà àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kún ògì ọmọ. Ikú ọmọdé dín kù gidigidi ní Ìmẹ̀sí. Káàdì náà, tí a lè pè ní Ọ̀nà sí Ìlera, tàn ká àgbáyé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì gbé irú tirẹ̀ jáde ní ọdún 1978. N kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí ó wù mí nínú káàdì yìí ni pé àmì kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan. Bí ìlà bá ń gòkè, ó dára. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ fún oṣù bíi mélòó kan, ewu ti dé kí ẹsẹ̀ tó wú. Ẹni tí ó rí ọmọ lónìí, tí ó tún rí i lóṣù tí ń bọ̀, ni ó lè mọ̀.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an, àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn ń lọ sí àgbàtọ́ níbi tí ọjọ́ ọjà kò lè gbé ìyá wọn dé. Àwọn òbí tí wọ́n lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru, ọ̀pọ̀ onílé kò sì gba aláwọ̀ dúdú tí ó ní ọmọ. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Essex tàbí ní Sussex yóò gba ọmọ, òbí yóò sì máa san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lójú òbí, àgbàtọ́ ni. Ṣùgbọ́n òyìnbó mọ ohun mìíràn nípa ọmọ tí a ń san owó lé lórí: ó ti pa àwọn ọmọ wọn rí, débi pé wọ́n ṣe òfin lé e lórí ní ọdún 1872. Òfin ọmọdé ti ọdún 1958 sì pàṣẹ kí alágbàtọ́ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò sọ.

Kí á sọ òtítọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà fẹ́ràn àwọn ọmọ yìí. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń pe obìnrin méjì ní ìyá, tí omi sì ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ èyí tí ó jẹ́ òyìnbó. Ohun tí kò sí ni okùn tí ó so ilé méjèèjì pọ̀. Kò sí ọdún, kò sí ìsìnkú, kò sí ẹni tí yóò ki ọmọ ní oríkì bí ó bá jí. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí a bí ní ọdún 1967, fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù ní ọdún 2018: bí wọ́n ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ tọkọtaya òyìnbó kan ní Tilbury nígbà tí ó wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti bí ó ṣe dàgbà di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú. Farming ni ó pe fíìmù náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹni pé a fi ọmọ dá oko.

Mímọ̀ pé a ń jẹ ọmọ níyà tún jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀. Àwọn oníṣègùn pàápàá kò tètè gbà á gbọ́. Ọdún 1962 ni Henry Kempe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé kedere nípa ọmọ tí ẹni tí ó ń tọ́ ọ ń lù ṣe léṣe. Ohun tí wọ́n ń wò kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti wẹ ọmọ rí. Ọmọ tí ó ń sáré ṣubú a máa fi orúnkún, ojúgun tàbí iwájú orí gbá nǹkan. Kì í sábàá fi ẹ̀yìn etí, itan tàbí ìbàdí ṣubú. Àpá tí ó ti jinná, èyí tí ó ń jinná àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lára ọmọ kan náà, ìtàn tí kò bá ọgbẹ́ mu, ọmọ tí ó ń rù nínú ilé tí àwọn yòókù ti ń sanra: àwọn wọ̀nyí ni kí á máa fura sí.

Victoria Climbié kì í ṣe ọmọ Yorùbá; ọmọ Côte d'Ivoire ni, ṣùgbọ́n irú àgbàtọ́ tiwa yìí ni ó gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù. Àǹtí bàbá rẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ fà á lé lọ́wọ́ kí ó lè kàwé. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ, a sì ka ọgbẹ́ 128 lára rẹ̀. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe, tí ó jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti dókítà ti rí i láìmọye ìgbà. Dókítà kan rí àpá ara rẹ̀, ó ní ìfọ́n ni. Òṣìṣẹ́ kan rí i bí ó ṣe ń dúró gbagidi níwájú àwọn àgbà ilé, ó sì rò pé ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ni, pé bẹ́ẹ̀ ni àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú. Èyí dùn mí púpọ̀. Ìyá Yorùbá kankan tí ó ti tọ́ ọmọ mọ̀ pé ọmọ tí ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà a kúnlẹ̀, a sì dìde lọ ṣeré. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ni kì í mira. Ojú pọ̀ lára ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n olúkúlùkù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì yí ojú kúrò. Lójú òfin wọn, àǹtí bàbá kì í ṣe ìbátan tí ó súnmọ́ ọmọ tó, nítorí náà ó yẹ kí a ti fi àgbàtọ́ náà tó ìjọba létí. Ní ọdún 2004 àti 2005 ni wọ́n tún òfin náà mú le.

Àwa náà ní òfin. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kà á léèwọ̀ kí á gba ọmọdé sí iṣẹ́ ilé lóde ilé rẹ̀ tàbí lóde ẹbí rẹ̀, ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007. Ọ̀rọ̀ ẹbí yìí ni ilẹ̀kùn tí a fi sílẹ̀ gbayawu. Ní Ìbàdàn àti ní Èkó, mo máa ń dé ilé àwọn ènìyàn pàtàkì, ọmọbìnrin kékeré ni yóò ṣí géètì fún mi ní wákàtí tí àwọn ọmọ yòókù wà ní ilé ẹ̀kọ́. Bí mo bá béèrè ta ni, ìdáhùn kan náà ni mo ń gbọ́: ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni. Bí mo bá wá béèrè pé ẹ̀gbọ́n wo, àti ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n náà wá síhìn-ín gbẹ̀yìn, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a ní kí ọmọ náà lọ gbé omi tútù wá fún mi.