Eṣinṣin Tó Pààrọ̀ Oúnjẹ: Ohun Táwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Rí Lábẹ́ Igi Ápù

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí tí mo bá dé oko: "Ọ̀gá, kòkòrò yìí kì í jẹ irè yìí tẹ́lẹ̀, ibo ló ti wá?" Ìtàn ápù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo fẹ́ fi dáhùn lónìí.

Ápù tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í ṣe igi ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn òyìnbó tó ṣí wá láti Yúróòpù ló gbé e dé ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Eṣinṣin kan ti wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní hawthorn ló ń jẹ. Ó pẹ́ kó tó yọ ápù lẹ́nu. Àfi bó ṣe di ọdún 1860 sókè, táwọn àgbẹ̀ agbègbè odò Hudson ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í la ápù, tí wọ́n ń bá ìdin nínú rẹ̀. Ìta á dán, inú á ti bàjẹ́. Ta ló máa rà á?

Benjamin Walsh ló tú u wò. Ọmọ London ni, ó kàwé ní Cambridge, síbẹ̀ oko ló lọ dá ní Illinois kó tó gbájú mọ́ kòkòrò (irú wọn ṣọ̀wọ́n). Ní 1867 ó kọ ọ́ pé eṣinṣin hawthorn yẹn náà ló ti ṣí lọ sórí ápù, àti pé ó lè pín sí irú méjì. Ọkọ̀ ojú irin kọlù ú ní 1869, ó sì kú. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kò ṣeé ṣe, pé àfi tí òkè tàbí omi ńlá bá là wọ́n láàárín.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì wà nídìí ẹ̀. Guy Bush, olùkọ́ ní Michigan State, ti ń tọpa eṣinṣin náà. Jeffrey Feder, tó ń kàwé lábẹ́ rẹ̀, bá a dá sí i. Ìgbà ooru, tí èso ń pọ́n, ni irú iṣẹ́ yìí máa ń wáyé: wọ́n á ká èso igi méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á dúró kí ìdin jáde, wọ́n á wá yẹ ohun tó jogún lára wò. Ní 1988 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ti orí ápù àti ti orí hawthorn ti yàtọ̀ síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko kan náà ni wọ́n wà.

Kí ló fà á? Orí èso ni akọ àti abo ti ń pàdé. Ápù máa ń pọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú hawthorn, ẹ̀mí eṣinṣin náà kò sì gùn. Kí ti hawthorn tó jáde látinú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ti ápù ti gùn, wọ́n ti yé ẹyin. Òórùn èso tí kálukú wọn ń wá pàápàá yàtọ̀. Ní 2009, Andrew Forbes àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi hàn pé agbọ́n tín-ín-rín tó ń yé ẹyin sára ìdin náà ti ń pín sí méjì tẹ̀ lé e.

Àwọn àgbẹ̀ ápù rí èrè níbẹ̀. Wọ́n ń ṣa èso tó bá já sílẹ̀ kí ìdin tó wọlẹ̀. Wọ́n tún ń so bọ́ọ̀lù pupa tí wọ́n fi àtè kùn mọ́ igi, iṣẹ́ ọpọlọ Ronald Prokopy. Eṣinṣin á rò pé ápù ni, á lẹ̀ mọ́ ọn.

Tiwa náà ńkọ́? Láti Amẹ́ríkà ni kòkó ti wá, ṣùgbọ́n capsid tó ń fa omi ara rẹ̀ mu kò bá a wá. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, orí obì àtàwọn igi tó bá obì tan ló wà kí kòkó tó dé. Ẹ̀yin tí obì yín wà láàárín kòkó, tí ẹ bá ń yẹ kòkó wò, ẹ má fo igi obì yẹn o.