Ilé Tí Ń Làágùn: Ìtàn Ilé Amọ̀ ní Aramọ̀kọ àti Agbègbè Rẹ̀

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òwe yìí la máa ń pa nígbà tí ará ilé bá ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ògiri gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ògiri tí àwọn baba wa fi amọ̀ mọ, tí ó ṣì dúró títí di òní ní Aramọ̀kọ ìlú Alárá, ní Ìjerò ìlú Ajerò, àti ní Ẹ̀fọ̀n ìlú Aláayè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wó, a ó ní ogbó ló pa á. Kì í ṣe ogbó nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, àtúnṣe tí àwa ọmọ ṣe sí i ló pa á. Àwa náà ti jẹ̀bi rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń kọ̀wé yìí.

Bí wọ́n ti ń kọ́lé láyé àtijọ́

Erùpẹ̀ pupa ni wọ́n ń gbẹ́ nítòsí ibi tí ilé yóò wà. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà bí iyán. Wọ́n á wá fi ọwọ́ mọ ọ́n ní ìpele-ìpele. Bí ìpele kan bá parí, wọ́n á jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì ń bẹ̀. Ògiri náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán kì í tètè là á kọjá, tí òtútù òru kì í sì í tètè wọlé.

Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, jẹ́ kí a mọ̀ pé koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé níbi tí koríko wà, ewé gbòdògí sì ni ní ilẹ̀ igbó. Òrùlé náà máa ń yọ síta, ó sì máa ń wálẹ̀, kí òjò má baà na ògiri. Òpó ló ń gbé etí rẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Irú òpó bẹ́ẹ̀ ni Agbọnbiọfẹ, ọ̀gá agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n tó kú ní 1945, gbẹ́ sí ààfin Aláayè.

Lábẹ́ òrùlé ni àjà wà. Wọ́n á to igi tí ikán kì í tètè jẹ láti ògiri dé ògiri, wọ́n á sì rẹ́ amọ̀ lé e. Orí àjà ni wọ́n ń kó àgbàdo àti ẹrù iyebíye sí. Bí iná bá mú òrùlé, àjà ni kì í jẹ́ kí ó tètè jó wọ yàrá. Bí oòrùn bá mú, àjà ni kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sùn.

Páànù àti sìmẹ́ńtì dé

Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer gba ìwé àṣẹ ní Lọ́ńdọ̀nù fún irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ṣẹ́ bí ìgbì omi. Òun ni à ń pè ní páànù. Àwọn ìlú etí òkun ni ó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Owó kòkó ló mú un gbilẹ̀ ní Èkìtì. Ẹni tó bá ta kòkó, tó san gbèsè, tó gbéyàwó, páànù ló kàn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, sìmẹ́ńtì náà kò ṣòro rí mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ẹni tó bá bú páànù kò mọ oore. Ó gbà wá lọ́wọ́ iná, ó sì gbà wá lọ́wọ́ bíbo ilé léraléra. Àṣìṣe wa ni pé bí páànù ti ń gorí ilé, bẹ́ẹ̀ ni a ń yọ àjà dànù. A ní ti ayé ọjọ́un ni.

Ohun tí ojú wa rí

Yàrá kan wà nínú ilé baba wa tí àwọn ọmọ kéwú tí ń gbé lọ́dọ̀ wa ń sùn sí. A yọ àjà rẹ̀ kí yàrá lè ga, a sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri rẹ̀ nínú àti lóde kí ó lè dán. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán lé àwọn ọmọ lórí láàárọ̀. Èébu dúdú yọ lára ògiri, ó ran kítáàbù, àwọn ọmọ sì ń wúkọ́. Oníṣẹ́ ní páànù ló jò. A pààrọ̀ páànù, omi ṣì ń kán. A pààrọ̀ ìṣó, pàbó ló já sí.

Ìyá àgbà kan ládùúgbò ló bi wá pé, "Àáfà, ǹjẹ́ òjò rọ̀ lóru àná?"

A ní, "Rárá o, màmá."

Ó ní, "Ilé yín kò jò. Ó ń làágùn ni. Níbo lẹ gbé àjà rẹ̀ sí?"

A kò rí èsì fún wọn. Kí a tó tún àjà ṣe, ògiri ẹ̀yìn yàrá náà wó lulẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn ọmọ ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àní bó bá jẹ́ òru ni ńkọ́? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun.

Ìdí abájọ

Gbogbo wa la mọ Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Nínú ilé pẹ̀lú, ooru àti òtútù ń pàdé, ṣùgbọ́n òke orí wa ni. Èémí ẹni tó sùn, ọ̀ṣẹ́ẹ̀ ìkòkò àti aṣọ tútù tí a sá sínú ilé, gbogbo wọn ń fi omi tí ojú kò rí sínú afẹ́fẹ́. Lóru tí ojú ọ̀run mọ́, páànù máa ń tutù gan-an. Bí afẹ́fẹ́ yìí bá kan páànù, omi inú rẹ̀ yóò ṣù jọ, yóò sì kán, gẹ́gẹ́ bí ara igò omi tútù ti máa ń làágùn. Àjà ni kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé tẹ́lẹ̀.

Ti ògiri yàtọ̀. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń tú u sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi náà jáde bọ̀rọ̀. Omi tó gun ògiri láti ilẹ̀, àti èyí tó gba ojú sísán wọlé, yóò há sínú. Amọ̀ inú yóò di ẹrọ̀fọ̀, nígbà tí sìmẹ́ńtì òde ṣì ń dán.

Ẹ má sì ṣe sọ pé ilé amọ̀ ilé ìṣẹ́ ni. Mọ́ṣáláṣí Ànábì wa ní Mẹ̀dínà, bíríkì amọ̀ ni ògiri rẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ dàbínù ni òrùlé rẹ̀. Hádíìsì fi yé wa pé òjò rọ̀ lóru kan nínú Ràmàdáànì, òrùlé jò, wọ́n sì rí àmì amọ̀ níwájú orí Ànábì lẹ́yìn ìrun. Nígbà tí Sàyídínà Umar fẹ̀ ẹ́, bíríkì amọ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ náà ló lò. Mọ́ṣáláṣí ńlá Djenné ní orílẹ̀-èdè Màlì, tí wọ́n tún kọ́ ní 1907, amọ̀ ni. Ohun tó mú un dúró ni pé lọ́dọọdún ni ará ìlú ń jáde láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ. Amọ̀ ni wọ́n fi ń tún amọ̀ ṣe.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Èkíní, kí á mọ àrùn kí á tó lo oògùn. Bí omi bá kán lásìkò òjò, jíjò ni. Bí ó bá kán láàárọ̀ tí òjò kò rọ̀, òógùn ni. Fún ògiri, ẹ lẹ ọ̀rá kan mọ́ ọn lára fún ọjọ́ méjì, kí ẹ dí etí rẹ̀ pa. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, ara ògiri ló ti ń jáde. Bí ó bá wà lójú ọ̀rá, afẹ́fẹ́ yàrá ló mú un wá.

Èkejì, ẹ dá àjà padà, ìbáà jẹ́ pákó, kí ẹ sì fi ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti páànù. Ẹ máa dáná síta, ẹ sì máa ṣí fèrèsé láàárọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kí omi má dúró ní ìdí ilé. Ẹ kó erùpẹ̀ tó ga mọ́ ògiri kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí etí páànù yọ síta dáadáa.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ìka kan sìmẹ́ńtì ara ògiri. Bí ó bá ń dún bí ohun tó ṣófo, ó ti ya kúrò lára amọ̀. Ẹ ṣí i, kí ògiri gbẹ, kí ẹ sì fi amọ̀ tí a po pọ̀ mọ́ koríko gígé dí ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn Hausa máa ń fi omi èèpo èso irúgbá pa ògiri amọ̀ kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́. Bí ògiri bá ti fì, ẹ kó ènìyàn kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó pe bíríkìlà.

Ẹ̀karùn-ún, bí sílíìnì ilé yín bá jẹ́ asbestos, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sì fi ayùn rẹ́ ẹ. Ekuru rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kí ó yọ ọ́.

A ti tún yàrá náà kọ́. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, àjà sì ti padà sórí rẹ̀. Ìyá àgbà wá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ti kú díẹ̀ kí ẹ sọ ogún nù." Ogún ni lóòótọ́. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ilé wó lé wa lórí. Àmín.