Búrẹ́dì Kíká ní Ọjọ́ Òtútù: Ìtàn tó Wà nínú Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin

Oúnjẹ tí kì í ṣe tiwa ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, nítorí pé ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè kan nípa èdè wa tí n kò rí ìdáhùn sí lójú ẹsẹ̀.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan, mo wà ní ìlú Uppsala, ní orílẹ̀-èdè Sweden, fún iṣẹ́ ìwádìí. Òjò dídì ti bo gbogbo òpópónà. Màmá onílé mi, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, rí i bí mo ṣe ń gbọ̀n, ó sì pè mí wọ ilé ìdáná. Ó ní irú ọjọ́ báyìí ló yẹ kí ènìyàn ṣe kanelbulle. Búrẹ́dì kékeré tí a ká bí ẹní ni. Bọ́tà, ṣúgà àti èèpo igi olóòórùn dídùn tí à ń pè ní kínámónì ló wà láàárín ìká rẹ̀.

Oúnjẹ yìí kò pẹ́ láyé tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918), nígbà tí ṣúgà, bọ́tà àti ìyẹ̀fun tún padà sọ́jà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Sweden. Nígbà tí ó di bí ọdún 1950 ni apá ọ̀pọ̀ ìdílé ká a láti máa ṣe é nínú ilé. Láti ọdún 1999 ni wọ́n sì ti ya ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún.

Màmá ní kí n mú mílíìkì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n da ìwúkàrà sí i. Mo mú un gbóná jù. Ohun ẹlẹ́mìí ni ìwúkàrà: ṣúgà ló ń jẹ, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ló ń mú ìyẹ̀fun wú, bí ooru bá pọ̀ jù, yóò kú. Wákàtí kan kọjá, ìyẹ̀fun mi kò mira. A kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n gún rárá. A tún òmíràn pò.

Bí a ti ń dúró kí ó wú, màmá bi mí pé, "Kí ni ẹ ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí lédè yín?" Mo kà wọ́n fún un: àlìkámà, kínámónì, ṣúgà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ó jọ pé mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú wọn rí. Ṣé kò sí èyí tó jẹ́ tiyín ni?" Ìbéèrè náà dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ mi gan-an ni ó fọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Àlìkámà wá láti inú alkama ti Haúsá, èyí tí Haúsá gbà lọ́wọ́ Lárúbáwá, al-qamḥ. Ọ̀nà aginjù ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe ọ̀nà òkun.

Kínámónì wà nínú Bíbélì Yorùbá, ní Ẹ́kísódù 30:23. Ṣùgbọ́n kanel kì í ṣe ti àwọn ará Sweden náà: láti inú canna ti èdè Látìn ló ti ṣẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí esùsú, nítorí pé èèpo igi náà a máa ká bí esùsú bí ó bá gbẹ. Ilẹ̀ Sri Lanka ni igi náà ti wá. Àwọn Potogí kọ́kọ́ gbà á, àwọn ará Nẹ́dálándì lé wọn lọ ní 1658, Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á ní 1796. Túláàsì ni wọ́n fi ń mú àwọn ẹ̀yà Salagama bó èèpo náà. Lábẹ́ àwọn ará Nẹ́dálándì, ẹni tó bá tà á láìgbàṣẹ lè fi orí rẹ̀ dí i.

Ṣúgà ńkọ́? Àwọn àgbà wa a máa pè é ní iyọ̀ òyìnbó. Sugar ti Gẹ̀ẹ́sì àti socker ti Sweden, ọmọ ìyá ni wọ́n. Sukkar ti Lárúbáwá ló bí wọn. Ara gbòǹgbò kan tí wọ́n ń gbìn ní Yúróòpù ni ṣúgà Sweden ti ń wá lóde òní, ṣùgbọ́n ìrèké ló kọ́kọ́ kọ́ Yúróòpù ní adùn, ẹrú ló sì gbin ìrèké náà. Sweden pàápàá ní erékùṣù kan ní Karibíánì, Saint-Barthélemy, láti 1784 títí di 1878. Ọdún 1847 ni wọ́n tó tú àwọn ẹrú ibẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun sì gba ilẹ̀ wa kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa ni wọ́n tà sí oko ìrèké ní Kúbà àti Bahia. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí ní Kúbà, 1888 ní Bràsíìlì. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ àyálò, ṣùgbọ́n àwa náà ti san owó rẹ̀.

Bí mo ti ń ro èyí ni mo bojú wo abọ́. Ìyẹ̀fun náà ti wú. Ìdáhùn mi ti wà níwájú mi láti àárọ̀: ìwúkàrà! Ì, wú, àkàrà: ohun tó ń mú àkàrà wú. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò kọ́kọ́ yá ọ̀rọ̀ fún búrẹ́dì. Àkàrà ni wọ́n pè é, òun ni a fi ń kà nípa àkàrà aláìwú. Àkàrà yìí kan náà bá àwọn ẹrú wọkọ̀ ojú omi. Títí di òní, àwọn obìnrin ń ta acarajé ní òpópónà Bahia, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wà nínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè Bràsíìlì láti 2005.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá bí búrẹ́dì ti ń jóná díẹ̀díẹ̀ nínú ààrò, tí òórùn kínámónì gba ilé kan. Kò tètè fèsì. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Kí ni kí a wá máa pe èyí lédè yín?" Mo ní, "Àkàrà kíká." Ó gbìyànjú láti pè é, ohùn àárín ló fi pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe tijú ọ̀rọ̀ àyálò. Ẹ bi í léèrè ọ̀nà tó gbà dé, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tó rù ú. Ó dìgbà kan ná.