Ère Sloane, Ìlù Akan àti Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́

Ní Ọbáníkòró tí à ń gbé, ẹni tó bá tọrẹ kì í fi orúkọ pamọ́. Bọhóòlù ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, bẹ́ńṣì inú ṣọ́ọ̀ṣì, fáànù tó ń yí lókè orí wa, ẹ wò wọ́n dáadáa, orúkọ ẹni tó sanwó wà lára wọn. Iṣẹ́ ló sì jẹ́ fáwọn onítẹ̀wé Ṣómólú: ẹ kówó lọ láàárọ̀, orúkọ á ti wà lára gíláàsì kílẹ̀ tó ṣú. A ò bú ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó ṣoore, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni àwọn mìíràn tí ọwọ́ wọn wà nínú nǹkan ọ̀hún, tí ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ tiwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni mùsíọ́mù, nítorí ibẹ̀, orúkọ nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tọrẹ. Wọ́n á ya ojú rẹ̀ sí òkúta. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó dá ariwo sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù: ère Hans Sloane ní British Museum, láti orí dé àyà. Michael Rysbrack ló ṣe é ní nǹkan bí 1737. Ọwọ́ kan náà ló fi mábù gbẹ́ odidi Sloane fún ọgbà àwọn apòògùn ní Chelsea, ṣùgbọ́n amọ̀ tí wọ́n sun níná ni ti inú mùsíọ́mù yìí. (Kẹ́ni kẹ́ni má fojú kéré amọ̀ lójú àwa ọmọ Yorùbá. Àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀ ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Rysbrack.)

Ní 1660 ni wọ́n bí Sloane ní Ireland. Dókítà ni, òkìkí rẹ̀ kàn, ó sì fẹ́ràn kó máa kó nǹkan jọ: ìwé, owó àtijọ́, ewé gbígbẹ, egungun, òkúta. Nígbà tó kú ní 1753, ohun tó kó jọ lé ní 71,000. Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí ìjọba gbà á fún gbogbo ará ìlú, kí wọ́n sì san pọ́n-ùn 20,000 fáwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ọrẹ nìyẹn ni àbí títà? Iye ẹrù náà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà a ó gbà pé ọrẹ ni. Wọ́n ta lọ́tìrì láti fi rí owó náà, mùsíọ́mù sì ṣílẹ̀kùn ní January 15, 1759.

Owó tí Sloane fi ra nǹkan ńkọ́? Apá kan jẹ́ owó ìṣègùn. Apá kejì wá láti Jamaica. Ó dé ibẹ̀ ní 1687 gẹ́gẹ́ bíi dókítà gómìnà, ó sì kó nǹkan bí 800 irú ewéko bọ̀. Ní 1695 ó fẹ́ Elizabeth Langley Rose, opó olóko ìrèké kan ní Jamaica. Láti ìgbà náà ni owó ṣúgà tí àwọn ẹrú ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ti ń wọlé fún wọn.

Ní August 2020, lẹ́yìn tí àwọn ará Bristol ti ju ère Colston onísòwò ẹrú sínú omi ní June ọdún náà, British Museum sọ ère Sloane kalẹ̀ látorí òpó tó wà. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kó nǹkan jọ, ó sì ní ẹrú. Àwọn kan bínú pé wọ́n tàbùkù òkú. Tàbùkù bí ti báwo? Ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó gbà wá lọ́kàn jù ni ìlù igi kan tó wà nínú ẹrù rẹ̀. Virginia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí i. Sloane máa ń kọ ohun gbogbo tó bá wọlé sílẹ̀: kí ni, níbo ló ti wá, ta ló fi ránṣẹ́. Àwa tá a ń kọ kóòdù jẹun mọ ohun tí à ń wò: dátábéèsì ni, àfi pé gègé àti tàdáwà ni wọ́n fi ṣe é. Orúkọ ẹni tó fi ìlù náà ránṣẹ́ wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Clerk. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pé ìlù àwọn Indian ni, ìyẹn àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Àṣìkọ yẹn wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó rí i pé ìlù Akan ni, láti ilẹ̀ tó di Gánà lónìí. Àwọn tó yẹ igi rẹ̀ wò sì rí i pé igi Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni.

Ọkọ̀ ẹrú ló jọ pé ó gbé e sọdá òkun. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ a máa kó ẹrú jáde sórí ọkọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n jó tipátipá, kí ara wọn má baà kú kí wọ́n tó dé ọjà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlù yìí ni wọ́n lù. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe: "Indian" pa gbogbo ìrìn àjò yẹn rẹ́. Ariwo ère ni ayé gbọ́, ṣùgbọ́n lójú tiwa, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí àkọsílẹ̀ ìlù yìí ló tóbi jù.

Ti Yorùbá náà wà níbẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́, ó gbẹ́ aláwọ̀ funfun tí wọ́n fi àga gbé wá kí ọba sára rẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Àwọn òyìnbó fẹ́ rà á, Ògògà ò tà. Ó ní tí wọ́n bá fún òun ní ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ wọn, òun á fi ṣe pàṣípààrọ̀. Bó ṣe dé British Museum nìyẹn. Orúkọ ọba tẹ̀ lé ilẹ̀kùn dé Lọ́ńdọ̀nù, ti agbẹ́gilére ò tẹ̀ lé e.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ojú tiẹ̀ sára mábù. Ní 1988, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, dé Ìsẹ̀ láti wádìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láyé. Màmá náà jókòó, wọ́n sì ki oríkì ọkọ wọn fún un, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti àwọn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.