Ìsopọ̀ Ilé-ìwé Kò Bẹ̀rẹ̀ lórí Wáyà: Ohun tí Ìtàn Kọ́ Olùkọ́ Yorùbá

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láti bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ ni ìjọba àti àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ti ń sọ ọ́ pé kí a so ilé-ìwé wa mọ́ ti àgbáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí a sì máa ń gbọ́ jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ iye ẹ̀rọ, iná mànàmáná àti owó dátà. A kò sọ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ṣe pàtàkì, nítorí pé àìsí wọn ń dí wa lọ́wọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí pé ilé-ìwé ti ń so mọ́ ara wọn kí wáyà tó dé, àti pé èdè tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀ ni ó máa ń rí àyè nínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Onípáànù àti agbègbè rẹ̀, Ṣómólú àti Bàrígà, ni a ó fi ṣe ibùjókòó, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tí a fẹ́ wí wà ní ẹnu ọ̀nà wọn.

2. Okùn àkọ́kọ́

Láti 1959 ni CMS Grammar School ti wà ní Bàrígà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 6 oṣù kẹfà 1859 ni wọ́n ṣí i ní Èkó. Thomas Babington Macaulay, àna Àjàyí Crowther, ni ọ̀gá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Fourah Bay ní Freetown ni ó ti kàwé kí ó tó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí fi hàn pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni okùn ti so ilé-ìwé yìí mọ́ Freetown àti Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n kí a ṣe àkíyèsí pé apá kan ni okùn náà ń fà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Látìnì àti Gíríìkì ń wọlé. Ohun tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wa jáde lọ kò tó nǹkan.

Ní ọdún 1859 yẹn kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Bí ìwé Yorùbá ti ń pọ̀ sí i ni ìṣòro àkọtọ́ ń hàn sí i, nítorí pé bí oníkálùkù ti fẹ́ ni ó ń kọ ọ́. Ní oṣù kìíní 1875, wọ́n pe ìpàdé sí Èkó kí ohùn lè ṣọ̀kan. Ìpàdé yìí, lójú tiwa, ni ó kọ́kọ́ so ilé-ìwé Yorùbá pọ̀ ní tòótọ́. Òun ni ó jẹ́ kí ó ṣeé ṣe kí ọmọ ilé-ìwé ní Ìbàdàn àti èyí tí ó wà ní Èkó ka ìwé kan náà láìsí iyèméjì.

Iṣẹ́ náà kò parí síbẹ̀. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ní 1966, ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1969, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde-òní ní 1974. Àwa tí a ti fi gègé pupa sọ "aiye" di "ayé", tí a sọ "enia" di "ènìyàn", a mọ iye ọdún tí ó gbà.

3. Àjọ ìdánwò

Bí a bá kúrò ní Onípáànù, tí a gba Fádéyì kọjá sí Jíbówú, a kò ní pẹ́ dé Hussey Street, níbi tí ọ́fíìsì àjọ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WAEC, wà. Lẹ́yìn ìròyìn tí Jeffery kọ ní 1950 ni wọ́n dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1952. Nàìjíríà, Gánà tí ń jẹ́ Gold Coast nígbà náà, Sàró àti Gáńbíà ni ó jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Làìbéríà dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1974.

Okùn tàtijọ́ ń fà sí Lọ́ńdọ̀nù. Èyí so àwọn aládùúgbò mọ́ ara wọn. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ó mú un dúró. Ìwé-ètò ẹ̀kọ́ kan náà, ìlànà ìmáàkì tí gbogbo olùdánwò tẹ̀ lé, àti ọjọ́ tí gbogbo ilé-ìwé ń pa mọ́ ni ó mú un dúró. Yorùbá rí àyè nínú rẹ̀ nítorí pé ó ti ní ìwé, ó ti ní olùkọ́, ó sì ti ní àkọtọ́. Síbẹ̀, bodè dá a dúró: ọmọ Kétu, tí Yorùbá jẹ́ èdè ìyá rẹ̀, èdè Faransé ni ó fi ń ṣe ìdánwò tirẹ̀.

4. Wáyà dé

Ní 1974, Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí ó múlé ti Bàrígà, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún àwọn tí ń kàwé láti ilé nípasẹ̀ ìwé tí a ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Ní 1988, àwọn ilé-ìwé kan ní New York àti Moscow bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé sí ara wọn. Inú iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ iEARN ti jáde. Ní 2001, wọ́n dá SchoolNet Nigeria sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni fóònù alágbèéká ti GSM dé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ilé-ìwé pa ní 2020, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣàn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ní fóònù àti dátà rí olùkọ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, èyí tí kò ní sì jókòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, WAEC fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún àwọn aládàáni fún ìgbà àkọ́kọ́.

Wáyà ti wọ inú iṣẹ́ wa nìyẹn. Bí ọjọ́ bá dé tí ọmọ fi ẹ̀rọ kọ àròkọ Yorùbá, tí ó tẹ "oko" láìsí àmì, ṣé oko ni ó ní lọ́kàn ni, tàbí ọkọ, ọkọ́, tàbí ọkọ̀? Kí ni olùdánwò yóò máàkì? Ṣómólú pàápàá, ìlú àwọn atẹ̀wé, a ń rí orúkọ rẹ̀ bí "Shomolu" àti bí "Somolu". Ojú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni.

5. Kétu, Bahia àti àwa

Ní ilẹ̀ Olómìnira Benin, álífábẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ibẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1975 yàtọ̀ sí tiwa. Ibi tí àwa ti kọ "Ẹ ṣé púpọ̀", "Ɛ shé kpúkpɔ̀" ni wọn yóò kọ. Bí ọmọ Onípáànù bá kọ̀wé sí ọmọ Kétu lórí ẹ̀rọ lónìí, ìwé náà yóò dé ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á lè má lè kà á. Kò sí wáyà tí ó lè tún èyí ṣe. Olùkọ́ ni yóò tún un ṣe, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sì tó.

Bákan náà ni Bahia. Wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà àti Ìlà-Oòrùn ayé sílẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ ní 1959, E. L. Laṣebikan sì ti ilé lọ kọ́ wọn ní Yorùbá. Ní Kúbà, àwọn arọ́mọdọ́mọ wa ń pa àlọ́ Jicotea, tí ìwà rẹ̀ jọ ti Ìjàpá wa. A dá a lábàá pé kí ilé-ìwé mẹ́ta, ọ̀kan ní Onípáànù, ọ̀kan ní Kétu, ọ̀kan ní Bahia, mú àlọ́ kan ṣoṣo. Kí ọmọ pa á lóhùn sínú fóònù olùkọ́; kí wọ́n kọ ọ́ ní àkọtọ́ méjèèjì; kí wọ́n wo ibi tí ó ti yàtọ̀. Fóònù kan tó o.

6. Ìgúnlẹ̀

Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 ní kí a kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè ti 2022, wọ́n sì dá ìkọ́ni padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí kíláàsì bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wáyà náà sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, níbo ni ọmọ yóò ti mọ̀ pé èdè ìyá rẹ̀ ṣeé fi bá ayé sọ̀rọ̀? Àwọn tí ó pàdé ní 1875 kò dúró de ẹ̀rọ kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan. Àwa ní ẹ̀rọ. Ìfohùnṣọ̀kan ni ó kù. Kí ẹgbẹ́ wa pe àwọn olùkọ́ Kétu, kí a jọ jókòó.